Odò Tó Kọ̀ Láti Dé Orúnkún

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n rọ́ àlá yìí kó tó sá lọ́kàn mi. Mo wà ní yàrá kọ̀ǹpútà wa àtijọ́ ní yunifásítì, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n tún ìṣirò omíyalé tí mo fi gboyè ṣe lójú òun. Mo tẹ bọ́tìnì, odò gidi wọlé, ó mù mí dé kókósẹ̀. Ọ̀gá fi rúlà wọn ẹsẹ̀ mi.

"Orúnkún lo kọ sínú ìwé."

Mo tún un tẹ̀, ó mù wá dé ọrùn.

"Nọ́ńbà wo lo fún kọ̀ǹpútà níbẹ̀rẹ̀ nígbà náà? Láìsí i, èsì ò ní bá ti tẹ́lẹ̀ mu."

"Àtẹ́lẹwọ́ ni mo kọ ọ́ sí, sà." Mo di ọwọ́ náà pa.

"La ọwọ́ rẹ. Wọ́n ti fi ìṣirò yẹn kọ́ afárá, ọmọ mi."

Mi ò là á. Omi bo ẹnu ọ̀gá.

Mo jí. Ọwọ́ mi rèé, ó ṣì wà ní dídì. Ẹ má là á, kó má lọ jẹ́ pé kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀.