Ìjókòó Mẹ́ta Lẹ́nu Ọ̀nà

Kò sí ẹni tó lè sọ pé Waheedat kò fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, irọ́ ló pa. Nígbà tí ìyá náà, Àlàájà Sarat, yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní Sabon Gari, ní Zaria, ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí Waheedat fi gbé wọn wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Basawa, sínú yàrá tó ní táìsì nílẹ̀ àti fáànù lókè. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Kí ló fẹ́ bi? Ṣé ó di ìgbà tí ìyá ẹni bá ṣubú lẹ́ẹ̀kejì kí á tó gbé e ni?

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Àlàájà ti dé Basawa ni wọn kò ti jẹun gidi mọ́. Wọ́n á bu òkèlè túwó bíi méjì, wọ́n á ní àwọn ti yó, wọ́n á fọwọ́. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà, wọn kò ráhùn. Wọ́n kàn ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ń rù. Waheedat gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Shika. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ wọn dára, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ṣubú ti jinná, òun kò rí nǹkan kan. Inú ẹlòmíràn ì bá dùn. Ẹ̀rù ló ba Waheedat. Àìsàn tó bá lórúkọ, èèyàn á wá oògùn rẹ̀. Èyí tí kò lórúkọ, ibo ni à á ti mú un? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé ìyá òun fẹ́ kú mọ́ òun lọ́wọ́.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni Waheedat ń ṣe. Kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama kan ní Tukur-Tukur. Iná kì í sì í sí. Kọ̀ǹpútà tí kò níná, ẹrù lásán ni, nítorí náà páálí àti ìdérí ìgò míńrà ló máa ń fi kọ́ wọn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó tẹ́ páálí sílẹ̀ ní yàrá ìyá rẹ̀, ó fa ìlà ìbú àti òòró sí i títí ó fi di ojú kéékèèké, ó wá to ìdérí mẹ́ta sí àárín, wọ́n tẹ̀lé ara wọn.

"Haba, Waheedat! Ayò wo lo tún ń ta báyìí?"

"Kì í ṣe ayò, Ìyá mi. Ẹ wò ó, ilé ni ojú kọ̀ọ̀kan yìí. Èyí tí ìdérí wà nínú rẹ̀, èèyàn ń gbé ibẹ̀. Gbogbo ojú tó yí i ká ni ilé aládùúgbò rẹ̀, títí kan ti igun. Ẹni tó bá ní aládùúgbò méjì tàbí mẹ́ta á yè. Tí wọn kò bá tó méjì, ìdáwà á pa á. Tí wọ́n bá ju mẹ́ta lọ, èrò á fún un pa. Ilé tó bá sì ṣófo, tí aládùúgbò mẹ́ta yí i ká, tí wọn kò lé, tí wọn kò dín, ẹni tuntun á yọ níbẹ̀."

"Ìdáwà á pa á?" Àlàájà rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rín ní Basawa. "Ẹni tó ṣòfin yẹn gbọ́n. Tóò, sún, jẹ́ kí n ṣe é."

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ sórí ẹní. Wọ́n wo ìdérí ti apá òsì: aládùúgbò kan ṣoṣo ló ní. Wọ́n mú un kúrò. Wọ́n wo ti àárín: ẹnìkan ló ṣẹ́kù sí ẹ̀gbẹ́ òun náà. Wọ́n mú un. Èyí tó kẹ́yìn kò ní ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n mú un, páálí ṣófo.

"Gbogbo wọn ti kú," ni Àlàájà wí. "Eré burúkú gbáà ni."

Waheedat bú sẹ́rìn-ín. "Ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì mi náà máa ń ṣe nìyẹn! Ìkánjú ni, Ìyá mi. Ẹ kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni kúrò títí ẹ ó fi wo gbogbo wọn tán. Ẹ wo ẹni tó máa lọ, ẹ wo ẹni tó máa dúró, ẹ wo ibi tí ẹni tuntun ti máa yọ. Ìgbà yẹn lẹ tó máa fọwọ́ kàn wọ́n, lẹ́ẹ̀kan náà."

Ó tò wọ́n padà. Àwọn méjì ẹ̀gbẹ́ kúrò, méjì mìíràn yọ, ọ̀kan lókè àárín, ọ̀kan nísàlẹ̀ rẹ̀; ìlà tó sùn wá dìde dúró. Ó tún ṣe é, ìlà náà sùn padà bó ṣe wà. Ó dìde, ó sùn, ó dìde.

"Bó ṣe máa ń ṣe lọ nìyí, kò lópin. Ti àárín kì í kúrò. Àwọn méjì yòókù ló ń yí."

Àlàájà fi ìka kan ìdérí àárín.

"Tí ẹnìkan bá wá gbé èyí lọ sí Basawa ńkọ́?"

Waheedat mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Láti kékeré ló ti ń rí i. Ìwọ̀-oòrùn ni ilé wọn ní Sabon Gari kọjú sí. Láràárọ̀, tí òjìji bá wà níwájú ilé, Àlàájà á jókòó sẹ́nu ọ̀nà gan-an. Àlàájà Zulaykha, aládùúgbò wọn, ará Ìlọrin bíi tiwọn, á wà lápá ọ̀tún. Màmá Ọlábímpé, Kìrìsìtẹ́nì láti Kabba, á wà lápá òsì. Ọnà abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ṣe sára fìlà. Màmá Ọlábímpé ló ń fa ìlà ọnà náà, Àlàájà Sarat ló ń gún abẹ́rẹ́ lé e, Àlàájà Zulaykha ló ń parí etí rẹ̀. Bí oòrùn bá yí, tó bá dé ara ògiri, àwọn méjì ẹ̀gbẹ́ á dìde. Àlàájà Zulaykha á wọ inú àbáwọlé lọ, Màmá Ọlábímpé á gbé àpótí wọn sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níwájú. Àlàájà Sarat kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà, nítorí ọwọ́ wọn ni fìlà ń gbà kọjá. Tí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn méjì náà á tún padà sídìí ògiri.

Ojú ti Waheedat. Òun tó ń bá ọmọ ọlọ́mọ wí nítorí ìkánjú, ẹnìkan ṣoṣo lòun wò, òun sì mú un kúrò.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi, Ìyá mi?"

"Ṣé o bi mí ni?"

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó fi ọkọ̀ gbé wọn padà sí Sabon Gari. Àlàájà Zulaykha nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n káwọ́ lẹ́rán, fìlà kankan kò sí lọ́wọ́ wọn.

"Sannu da zuwa, Sarat! Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Alhamdulillah. Màmá Ọlábímpé dà?"

Àlàájà Zulaykha wo Waheedat kí wọ́n tó dáhùn. "Ọmọ rẹ̀ ti wá mú un lọ sí Kabba. Ó pẹ́ tọ́mọ náà ti ń bẹ̀ ẹ́, kò dá a lóhùn. O mọ̀ pé torí àwa méjèèjì ló ṣe ń dúró. Nígbà tí ẹnu ọ̀nà ṣófo, tí kò rẹ́ni gbé fìlà fún, ó ní kí lòun tún ń ṣe ní Zaria, wallahi."

Waheedat pe Màmá Ọlábímpé lórí fóònù, ó bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n padà wá. Màmá súre fún un, wọ́n ní kó bá àwọn kí Sarat dáadáa. Ṣùgbọ́n wọ́n ní onílé ti fi yàrá àwọn fún ẹlòmíràn, egungun àwọn kò sì lè gba ọ̀nà jíjìn yẹn mọ́.

Nígbà tó máa fi padà síwájú ilé, Àlàájà ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Àpótí Màmá Ọlábímpé ṣì wà lápá òsì, fìlà kan tí wọ́n fa ìlà rẹ̀ dé ìdajì wà lórí rẹ̀. Waheedat gbé fìlà náà, ó jókòó. Ó mọ̀ pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kíláàsì lòun máa wà, àpótí yìí á sì tún ṣófo. Síbẹ̀ ó mú pẹ́ńsùlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà.

Kò mọ̀ ọ́n fà. Bí oòrùn ṣe dé ara ògiri, Àlàájà Zulaykha dìde, wọ́n wọlé. Waheedat náà gbé àpótí lọ sábẹ́ dóńgóyárò, ó ń bá ìlà rẹ̀ jà.

Àlàájà ń ki okùn bọ abẹ́rẹ́, wọn kò gbójú sókè. Wọ́n na ọwọ́ kan síta. "Màmá Ọlábímpé, mú un wá."

Waheedat dìde, ó gbé fìlà náà lé wọn lọ́wọ́. Ìlà rẹ̀ wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Àlàájà wò ó fún ìgbà pípẹ́, wọn kò sì pa á rẹ́. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ lé e bó ṣe wọ́ náà.