Ẹsẹ̀ Lórí Ọrùn Ẹran

"Sọ fún bàbá rẹ kó gbé ẹsẹ̀ lé e lọ́rùn," ni oní-fọ́tò wí. Kò tilẹ̀ wo ojú Anjelik. Ó ti ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú tó fi bo kámẹ́rà rẹ̀.

Etí aṣọ Anjelik tutù rinrin, torí láti àárọ̀ lòun àti bàbá rẹ̀ ti ń fi okùn fa múùsì kan, ẹran igbó ńlá tó jọ àgbọ̀nrín, jáde nínú omi adágún. Akọ ni, ó ga ju ẹṣin lọ, ìwo rẹ̀ sì fẹ̀ gbàgàdà. Ọ̀gbẹ́ni Haskel, òyìnbó tó wá ṣọdẹ, ló yìn ín níbọn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Mijakwad, bàbá Anjelik, ló fi fèrè èèpo igi pè é títí tó fi jáde nínú igbó. Òun ló tukọ̀ wọ àárín koríko láì jẹ́ kí àjẹ̀ dún, òun náà ló tún nàka sí ibi tí Haskel máa yìnbọn sí. Kí ló wá kù tí Haskel ṣe?

Ọkọ̀ ojú irin ló gbé àwọn òyìnbó méjèèjì wá. Haskel ń fẹ́ orí ẹran tó máa gbé kọ́ sára ògiri ilé rẹ̀. Oní-fọ́tò ní tiẹ̀ ń fẹ́ àwòrán ọdẹ inú igbó tí àwọn ará ìlú ńlá máa rí, tí wọ́n á fi sáré ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin wá síbí. Ó tiẹ̀ ní kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ èèpo igi kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran náà. Ọkọ̀ ọ̀hún ti jò láti ìjelòó. Ọkọ̀ tí wọ́n fi aṣọ kánfáàsì ṣe ni Mijakwad ń tù, bíi ti gbogbo èèyàn ìsinsìnyí.

Ìjọba ti sọ igbó wa di igbó ọba. Haskel ní láísẹ́ńsì, ó lè pa múùsì bó ṣe wù ú. Mijakwad tí wọ́n bí sétí adágún yìí, tó bá pa á, ẹ̀wọ̀n ni. Wọ́n ti gba ìbọn ọwọ́ rẹ̀ pàápàá. Ẹ gbọ́ ìwà ìkà! Òjò dídì ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọ̀n ò sì kó ẹja, àwọn ọmọ Anjelik tí baba wọn ti kú wà nílé tí wọ́n ń retí ohun tí wọ́n máa jẹ.

"Kí ló ń wí?" ni Mijakwad bèèrè. Kò gbọ́ èdè òyìnbó, ọmọ rẹ̀ ló ń bá a túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní kí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé e lọ́rùn, Bàbá. Kí ẹ sì gbé ìbọn Haskel dání."

Mijakwad rẹ́rìn-ín. "Sọ fún un kó lọ gbé ẹsẹ̀ lé ọrùn ìyá tó bí i."

Láàrin àwa tá a ni igbó yìí látayébáyé, a kì í tẹ ẹran mọ́lẹ̀. Ẹran ló ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ọdẹ. A máa ń kí i bí àlejò ni, a máa ń fi tábà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ò sì gbọdọ̀ dá a kọjá. Ẹni tó bá gbẹ́sẹ̀ lé e, àwọn yòókù máa gbọ́, wọn ò sì ní jáde fún un mọ́ láéláé.

"Ó ní òun ò ṣe," ni Anjelik sọ fún oní-fọ́tò.

Oní-fọ́tò yọ orí síta. "Sọ fún un pé tó bá ṣe é, gbogbo ẹran yìí di tiyín. Tí ò bá ṣe é, kí ìkookò wá jẹ ẹ́."

Anjelik túmọ̀ rẹ̀.

"Ohun tí òyìnbó wí nìyẹn," ni bàbá rẹ̀ wí. Ó wá tẹjú mọ́ ọn. "Ìwọ ńkọ́?"

Itan ẹran náà ni Anjelik ń wò. Ó ti ń fojú gé e, ó ti ń fojú sá a sórí iná.

"Bàbá, àwọn ọmọ..."

"Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ wà nílé."

"Ẹsẹ̀ lásán ni, Bàbá."

Mijakwad bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, torí awọ múùsì ni wọ́n fi rán an. Oní-fọ́tò pariwo pé kó wọ̀ ọ́ padà, bàtà yẹn gan-an ló máa jẹ́ kí fọ́tò dùn. Bàbá àgbàlagbà tún bẹ̀rẹ̀, ó wọ̀ ọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ọrùn ẹran náà jẹ́ẹ́jẹ́.

"Kó tẹ̀ ẹ́ dáadáa!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ya fọ́tò náà, wọ́n tún un yà, Mijakwad ò sì mira títí wọ́n fi ní ó tó.

Haskel tó ti jókòó sórí ìtì igi látàárọ̀, tó ń fa páìpù, wá dìde. "Ẹ tètè kun ẹran yín o, kó má bàjẹ́."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ni Anjelik wí.

"Kí lò ń dúpẹ́ sí? Ta ló máa gbé gbogbo ìyẹn wọ ọkọ̀ ojú irin? Orí nìkan lèmi ń gbé lọ. Àtàná ni mo ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi yìí pé tiyín ni ìyókù." Ó rẹ́rìn-ín. "Ó kàn ń wá fọ́tò tó dáa ni."

Oní-fọ́tò ń fi aṣọ wé àwọn dígí tó ya fọ́tò náà sí. Kò gbójú sókè.

"Kí ló wí?" ni Mijakwad bèèrè.

"Ó ní ẹ ṣeun, Bàbá," ni Anjelik wí.

Mijakwad mi orí. Ó yọ ọ̀bẹ rẹ̀, ọ̀bẹ tí ẹnikẹ́ni ò bá a lò rí, ó nà án sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ni kó o kun ún," ló wí, ó sì lọ jókòó sínú ọkọ̀, ó kẹ̀yìn sí wọn.

Nírọ̀lẹ́, àgọ́ tí wọ́n ń gbé kún fún òórùn ẹran. Àwọn ọmọ ń jẹ, wọ́n ń ja ìjà egungun, wọ́n ń lá ìka. Ó pẹ́ tí Anjelik ti gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn. Ó bu mùdùnmúdùn egungun sínú abọ́, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún bàbá rẹ̀.

"Gbé e fún àwọn ọmọ," ni Mijakwad wí. "Èmi ò jẹ ẹ́. Àwọn ni mo torí wọn ṣe é. Ká ní kì í ṣe tiwọn ni, ǹ bá kọ̀."

Ọ̀rọ̀ Haskel, pé tiwọn ni ẹran náà láti àná, ti dé ọ̀nà ọ̀fun Anjelik. Ó gbé e mì. Ìdí kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ bàbá náà, òun ò sì lè já a gbà. Ó wá yé e pé ọ̀rọ̀ yẹn máa wà nínú òun nìkan títí àwọn fi máa sin bàbá rẹ̀, àti pé nígbà tí bàbá bi òun pé "Ìwọ ńkọ́?", ṣe ló ń bẹ òun pé kóun ní kó má ṣe é.

Ó gbé abọ́ náà dìde, ó lọ pín in fún àwọn ọmọ.