Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Kọ́tìnnì

"Irun mi dà?"

Onídìrí bẹ̀rẹ̀ wo kọ̀ǹpútà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹnjiníà nítorí pé kò sí ohun tó bàjẹ́ tí kì í tú wò, họ orí.

"Ẹ̀yìn fọ́tò ni mo ní kó sọ di bàìbàì. N kò ní kó fọwọ́ kan irun."

"Ó fọwọ́ kàn án o. Ẹ wo ṣóńṣó rẹ̀, ó ti wọnú ògiri lọ."

Òótọ́ ni. Ojú ẹ̀gbọ́n onídìrí lóbìnrin, tó gbé orí kalẹ̀ fún irun náà, mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n ṣóńṣó irun tó tín-ín-rín bí òwú, tó yẹ kó tàn ká èjìká, ni ẹ̀rọ aláìmọ̀kan yìí kà mọ́ ìdọ̀tí. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ta ni kò lè bẹ̀rẹ̀ irun? Ṣóńṣó la fi ń mọ ọ̀gá.

Ọ̀la ni ṣọ́ọ̀bù onídìrí máa ṣí, fọ́tò yìí ló sì máa wà lórí pátákó. Láti àárọ̀ lorí ti ń yá a, kò lè jókòó kò lè dúró. Ohun kan péré ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: bàbá rẹ̀ ní òun ò ní wá. Láti ìgbà tó ti fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ ni bàbá ti fajú ro. "Mo rán ọmọ nílé ìwé tán, orí olórí ló wá ń dì kiri." Ní pálọ̀ bàbá náà ni wọ́n ti ya fọ́tò láàárọ̀, nítorí fèrèsé ńlá ibẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá kò jáde sí wọn.

Fóònù dún. Oní-pátákó ni.

"Màdáámú, mo ti fẹ́ tan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé o. Fọ́tò yín nìkan ló kù."

"Ó ti dé ẹnu ọ̀nà, sà. Ẹ ṣe sùúrù fún wa."

"Ohun tí ẹ̀rọ bò, ọwọ́ lè ṣí i," ni Ẹnjiníà wí. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì inú kọ̀ǹpútà náà, ó ń fi í ra ojú fọ́tò, ibi tó bá sì kàn ń mọ́ padà. Ṣóńṣó kan yọ, òmíràn yọ. Onídìrí ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Àfi bí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ṣe yọ̀, tó kọjá irun, tó ra ẹ̀yìn fọ́tò títí dé ẹnu ọ̀nà yàrá.

Ìka ẹsẹ̀ yọ lábẹ́ kọ́tìnnì.

"Ẹ dúró. Ẹ má bò ó. Ẹ máa ra ojú fọ́tò lọ sókè díẹ̀."

Ṣòkòtò yọ, lẹ́yìn náà ọwọ́ tó di etí kọ́tìnnì mú. Irun nìkan ni wọ́n ti ń wò láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó wo ẹnu ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ ni. Ó na ọrùn kó lè rí irun náà dáadáa, ó sì ń rẹ́rìn-ín débi pé àlàfo eyín tó ká gan-an hàn.

"Bàbá tí kò fẹ́ rí wa rèé," ni Ẹnjiníà wí.

Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀ fún onídìrí. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé kí n bò wọ́n padà?"

"Ẹ bò wọ́n lórí ti pátákó. Ẹ fi ọ̀kan pamọ́ fún mi bó ṣe wà. Ẹ̀rín yẹn kì í ṣe ti ìta, tèmi ni."

Bí wọ́n ṣe fi fọ́tò ránṣẹ́ sí oní-pátákó tán, onídìrí pe bàbá rẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Ọ̀la la máa ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn."

"Ṣebí mo ti ní n kò ní wá."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, sà. Mo ní kí n tún bẹ̀ yín ni." Kò dárúkọ kọ́tìnnì.

Bàbá wúkọ́.

"Fọ́tò àárọ̀ yẹn," ó ní, "ṣé ṣóńṣó irun náà hàn dáadáa?"

"Ó hàn, sà."

"Ó dáa. Aago mélòó lẹ pè é?"