Nẹ́tíwọ̀kì Orí Òkè

"Bàbá, ògiri yín ni kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́," ni Maekawa, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, wí. "Amọ̀ tó ki tó báyìí, gbígbé ló ń gbé e mì. Ẹ ò lè fi àpótí tó ń pín nẹ́tíwọ̀kì yìí sídìí fèrèsé kẹ́ ẹ máa retí pé á dé yàrá ọmọ yín. Àárín ilé ló yẹ kó wà."

Gisuke wo àárín ilé. Ibẹ̀ ni pẹpẹ ìyàwó rẹ̀ wà: àwòrán Tomie, ife omi, àti abọ́ ìrẹsì kékeré tó máa ń gbé síbẹ̀ láràárọ̀ láti ìgbà tí obìnrin náà ti kú.

"Ṣé kò síbòmíì ni?"

"Ó wà, àmọ́ á máa já. Ẹ̀yin náà lẹ sì sọ pé ẹ ò fẹ́ kó já rárá."

Gisuke kúnlẹ̀, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àwòrán náà, ó sì rọra gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn. "Má bínú, Tomie," ló ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Tìtorí ọmọ ni."

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Chizuru ni, ó ń yàwòrán ilé fún iléeṣẹ́ kan ní Osaka. Nígbà ọdún tuntun ló sọ lórí fóònù pé, "Bàbá mi, wọn ò fi ọ́fíìsì dè wá mọ́lẹ̀ mọ́. Ká ní nẹ́tíwọ̀kì abúlé wa dáa ni, ǹ bá wálé wá máa bá yín gbé."

Ọ̀rọ̀ yìí ni baba dì mú bí ẹni tí odò ń gbé lọ ṣe ń di koríko mú. Ó bẹ àwọn ará kánsù pé kí wọ́n fa wáyà nẹ́tíwọ̀kì dé abúlé, títí ojú fi tì í. Ó gé àwọn igi kédárì tí bàbá rẹ̀ gbìn, torí ibẹ̀ ni wáyà tuntun máa gbà gun òkè. Àwọn arúgbó tó ṣẹ́ kù lábúlé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Gisuke, ta lo fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀? Àwọn ọ̀bọ inú igbó?"

"Ọmọ mi ń bọ̀ wálé," ni yóò dá wọn lóhùn.

Maekawa tan àpótí náà, ó dán an wò lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Bàbá! Ti ilé mi nísàlẹ̀ ìlú ò yá tó èyí!"

Ìgbà tí ewé tíì tuntun ń yọ ni Chizuru dé. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi béèrè pé, "Màámi dà?"

"Ìyá rẹ wà ní yàrá ẹ̀yìn. Àpótí ló gba àyè wọn."

Ọmọ náà wo àpótí, ó wo bàbá rẹ̀, ó sì gba yàrá ẹ̀yìn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Gisuke gbé tíì lọ fún un níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Kó tó ṣílẹ̀kùn, ó gbọ́ ohùn àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Osaka ketekete nínú kọ̀ǹpútà, àfi bíi pé inú yàrá ni wọ́n jókòó sí. Ẹnì kan béèrè ìgbà tí Chizuru máa padà.

"Lópin ọ̀sẹ̀ yìí ni," ni Chizuru wí. "Mi ò lè gbébí. Ilẹ̀ á mọ́, ilẹ̀ á ṣú, mi ò ní rí ẹnì kan tó kéré sí bàbá mi lójú títì. Àfi bíi pé wọ́n sin mí láàyè. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún bàbá mi gan-an ni mi ò mọ̀."

Gisuke rọra yí padà, ó sì da tíì náà sẹ́yìnkùlé.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun alẹ́, Chizuru fi igi ìjẹun rẹ̀ lélẹ̀. "Bàbá mi, nẹ́tíwọ̀kì yìí... ó ń já o. Ọ̀gá mi ń ráhùn."

Iná àpótí náà ń tàn roro lẹ́yìn rẹ̀, kò ṣẹ́jú. Gisuke bu ọbẹ̀ sẹ́nu, ó gbé e mì.

"Mo mọ̀," ló wí. "Òkè ló dí i. Maekawa ti sọ fún mi."

Èjìká Chizuru wálẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá mi. Gbogbo wàhálà tẹ́ ẹ ṣe."

"Wàhálà wo? Jẹun, ọbẹ̀ ń tutù."

Lọ́jọ́ tó ń lọ, baba bá a gbé ẹrù dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbérò. Bọ́ọ̀sì náà dé, òfìfo ni. Chizuru wọlé, ó yọrí lójú fèrèsé.

"Tí wọ́n bá tún un ṣe, ẹ pè mí o! Màá wá."

Gisuke rí i pé omi ti lé sójú ọmọ náà. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, irọ́ mìíràn ni Chizuru yóò tún máa wá pa lọ́dún tó ń bọ̀.

"Wọn ò ní tún un ṣe mọ́, ọmọ mi," ló wí. "Máa lọ. Máa ṣiṣẹ́ rẹ."