Màmá Tó Ń Bọ̀ Láti Bọ́ḿbè

"Tún un nù. Ilẹ̀ yẹn kò tíì mọ́ tó ti ìyá ọkọ," ni Zùwáírátù wí láti ẹnu ọ̀nà, ó fi èjìká ti ara ilẹ̀kùn.

"Ìyá ọkọ ta ni?" Àbẹ̀ḿbí kò gbé ojú sókè. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, àkísà tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá ọ̀gá mi ni."

"Ohun tí mo wí náà nìyẹn. Ìwọ lo ń se oúnjẹ rẹ̀, ìwọ lo ń fọ aṣọ rẹ̀, ìwọ lo ń tọ́ ọmọ rẹ̀. Ó wá ku kí ni?"

"Ó ku kí o padà sídìí ẹ̀rọ rẹ, kí o lọ parí búláòsì ìyàwó olùkọ́."

Zùwáírátù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lọ. Ìsàlẹ̀ ilé náà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù, ló ti ń ránṣọ. Ẹni tó bá ra aṣọ lọ́wọ́ ará Íńdíà tó ni ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń yà sí. Gbogbo Dùgbẹ̀ ló ń pe ará Íńdíà náà ní Bàbá Kámílà, nítorí orúkọ tirẹ̀ gùn ju ohun tí ahọ́n lè gbé lọ. Ó ti lo ogún ọdún n'Íbàdàn, Yorùbá rẹ̀ sì dán, àfi bí inú bá ń bí i.

Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni lẹ́tà dé. Bàbá Kámílà kà á lórí ìdúró, ó tún un kà lórí ìjókòó, lẹ́yìn náà ló pe Àbẹ̀ḿbí.

"Màmá mi ń bọ̀," ló wí. "Ọkọ̀ ojú omi wọn ti kúrò ní Bọ́ḿbè láti oṣù tó kọjá. Wọ́n fẹ́ wá wo Kámílà. Wọ́n ní kò dára kí ọmọ obìnrin máa dàgbà láìmọ àwọn èèyàn rẹ̀. Wọ́n fẹ́ mú un padà lọ."

Àbẹ̀ḿbí ní, "Ẹ kú orí ire, ọ̀gá," nítorí ohun tí ẹnu mọ̀ láti sọ nìyẹn. Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó sì dúró ti ìkòkò tí kò sí lórí iná.

Ọmọ ọdún kan ni Kámílà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ọmọ ti Àbẹ̀ḿbí fúnra rẹ̀ ti kú ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà náà. Ọmú rẹ̀ ṣì kún, ọkọ rẹ̀ sì ti ní kí ó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ ará Íńdíà lé e lọ́wọ́, ọmọ náà sì mu ọmú. Ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Àǹtí ni Kámílà ń pè é. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní orúkọ mìíràn, Àbẹ̀ḿbí náà kò sì bèèrè.

"Bí ìyá bàbá ọmọ bá dé, tó ní òun fẹ́ mú ọmọ lọ, ta ni èmi?" ló bi Zùwáírátù. "Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀? Èèyàn kì í bá ìyá àgbà du ọmọ."

"Màmá yẹn náà kọ́ ló gbé ọmọ mẹ́ta lé èjìká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó fi wọ odò?"

"Àwọn náà ni."

"Àbẹ̀, má bá wọn du nǹkan kan o. Obìnrin tó lágbára tó báyẹn, yóò gbé ìwọ náà jù sí Ògùnpa."

Àbẹ̀ḿbí rẹ́rìn-ín láìfẹ́ rín in.

Gbogbo ilé ló mọ Màmá náà bí ẹni mọ aládùúgbò. Bí máńgòrò bá ti ń pọ́n, tí ooru kò jẹ́ kí èèyàn lè jókòó sínú yàrá, Bàbá Kámílà a gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ní ìrọ̀lẹ́, a máa sọ ìtàn ọlidé fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tí òun wà ní kékeré, bí wọ́n bá ti ti ilé ìwé báyìí, ilé Màmá ni wọ́n ń kó gbogbo àwọn ọmọ lọ. Ooru ìlú Màmá ju ti Ìbàdàn lọ. Wọ́n mọ nǹkan kan sórí òrùlé ilé gbogbo, bí àpótí tó la ẹnu, tó kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà bọ̀, òun ló ń gbé afẹ́fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sínú yàrá. Òrùlé náà tẹ́ pẹrẹsẹ, orí rẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ọmọ méjìlá lórí ibùsùn tí wọ́n fi okùn hun, orí ẹnìkan sí ẹsẹ̀ ẹnìkejì. Láti àárọ̀ ni Màmá á ti da máńgòrò sínú garawa, wọ́n á sọ ọ́ sínú kànga kí ó lè tutù. Wọn kì í fi ọ̀bẹ kàn án. Wọ́n á máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí inú rẹ̀ á fi di omi, wọ́n á já a lórí, wọ́n á fà á mu. Ọmọ tí aṣọ rẹ̀ bá ṣì mọ́, Màmá á ní kò tíì jẹun, wọ́n á fún un ní òmíràn.

"Wọ́n tún wá ṣe kí ni?" Kámílà á bèèrè, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ ọ́n bí orúkọ ara rẹ̀.

"Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi lé èjìká ọ̀tún, wọ́n gbé mi lé ti òsì. Wọ́n ní kí àbúrò wa di orí àwọn mú. Ó di odò."

Àbẹ̀ḿbí a máa gbọ́ ọ láti ìdí ẹ̀wà tó ń ṣà. A máa dùn mọ́ ọn, a sì máa dùn ún. Nígbà tí wọ́n pín Íńdíà sí méjì, ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ìlú yẹn bọ́ sí apá kejì tí kì í ṣe tiwọn mọ́, gbogbo ẹbí wọn sì sá lọ sí Bọ́ḿbè. Kámílà kò rí òrùlé náà rí. Ọlidé tirẹ̀ kò ju kó jókòó sáàárín ìdì aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, kó máa wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá. Àbẹ̀ḿbí ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń dáko ní Mọ́níyà, Ọlálẹ́yẹ lórúkọ rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wù ú láti mú ọmọ náà lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bèèrè rí. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ yàrá gbẹ, ó tẹ́ ibùsùn. Ó gbé dígí sórí tábìlì, ó fi ìyàrí àti àtíkè tì í. Ó ká àdìrẹ kan tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì ró rí, ó fi lélẹ̀ níbi ìrọ̀rí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ máa mú ọmọ lọ, kí wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ tó mọ ọ̀wọ̀ ló tọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, wọ́n lọ pàdé ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Èkó. Àbẹ̀ḿbí ti pinnu pé orúnkún méjèèjì ni òun yóò fi kúnlẹ̀. Àwọn èèyàn ń sọ̀, obìnrin alápẹ̀rẹ̀ adìyẹ, akọ̀wé méjì, àlùfáà kan tó ń wá fìlà rẹ̀. Àbẹ̀ḿbí ń wá ìyá àgbà kan tó fi aṣọ bo orí, bíi ti ìyá Kámílà nínú fọ́tò. Kò rí i.

Ó wá rí ọ̀gá rẹ̀ tó ń sáré. Ọkùnrin àgbàlagbà kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ó ga, irun imú rẹ̀ funfun ó sì gbòòrò bí apá ẹyẹ, ó wọ kóòtù nínú ooru yẹn. Bàbá Kámílà tẹ̀ ba, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọkùnrin náà. Omi ti dé ojú rẹ̀.

"Màmá," ló ń wí. "Màmá."

Àbẹ̀ḿbí wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà, bóyá ìyá náà ṣì ń bọ̀.

"Àǹtí, àwọn nìyí," Kámílà sọ sí i létí.

"Àwọn wo?"

"Màmá. Ẹ̀gbọ́n ìyá bàbá mi. Arákùnrin ìyá èèyàn là ń pè ní màmá lédè wa." Ọmọ náà wò ó. "Ìyá bàbá mi ti kú tipẹ́. Ṣé ẹ rò pé obìnrin ni?"

Ọdún mọ́kànlá ló fi gbọ́ "wọ́n gbé wa", "wọ́n fún wa", "wọ́n ní". Kò sí èyí tó sọ fún un nínú gbogbo rẹ̀ pé wọ́n ní irun imú. Ó kúnlẹ̀ nígbà tí ọkùnrin náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lára rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, ọkùnrin náà wọ yàrá, ó sì pẹ́ kí ó tó jáde. Ó jáde tòun ti àdìrẹ ní apá, ìyàrí lọ́wọ́ kan, àtíkè lọ́wọ́ kejì, ó bi Kámílà léèrè nǹkan ní èdè wọn. Kámílà dáhùn. Ọkùnrin náà jókòó, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó ń fọwọ́ ra aṣọ náà.

"Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti fi ilé sílẹ̀, kò sí ẹni tó tọ́jú yàrá de àwọn báyìí," ni Kámílà wí. "Wọ́n ní àwọn máa lo àtíkè náà."

Zùwáírátù gbọ́ ọ̀ràn náà kí ọjọ́ tó rọ̀. Ó fi orí lé ẹ̀rọ ìránṣọ, èjìká rẹ̀ ń mì. "Kí wọ́n wá o," ló wí nígbà tó rí èémí mí. "Mo máa rán búláòsì sí i fún wọn."

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Àjíǹde, ọkùnrin náà gbé àpótí ìjókòó wá sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó pe Kámílà kó wá máa ṣe ògbufọ̀. Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, ó na ọwọ́ sí ọ̀nà jíjìn, ó gbé e lé àyà.

"Wọ́n ní ẹ ṣeun," ni Kámílà wí.

"Gbogbo ìyẹn, 'ẹ ṣeun' nìkan ni?"

Kámílà ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Wọ́n tún ní ọbẹ̀ yín ta díẹ̀."

"Kámílà. Sọ ohun tí wọ́n sọ."

"Wọ́n ní ọmọ tí kò ní ìyá, tí kò sì ní màmá, kò níbi tó ń lọ. Ìyá mi kò ní arákùnrin. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí àwọn fi wá mú mi lọ sí Bọ́ḿbè, kí n lè ní ẹbí." Ó gbé ojú sókè. "Èmi kò fẹ́ lọ. Wọn kọ́ ló sọ ìyẹn, èmi ni mo sọ ọ́."

Bó bá jẹ́ ìyá àgbà ló jókòó síbẹ̀, Àbẹ̀ḿbí ìbá ti kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbá sì parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyá lèyí. Òun náà ní ẹ̀gbọ́n tirẹ̀. Ó mọ̀ pé èèyàn lè bá wọn sọ̀rọ̀.

"Bi wọ́n pé báwo ni ilé wọn ní Bọ́ḿbè ṣe rí."

Ìdáhùn náà kò gùn. "Yàrá méjì. Èèyàn mẹ́sàn-án. Ẹlòmíràn ló ń gbé òkè orí wọn, wọn kò ní òrùlé tí wọ́n lè gùn. Wọ́n ní wọ́n ń ra máńgòrò lọ́jà, wọ́n sì ń fi ọ̀bẹ gé e kó lè kárí." Ọkùnrin náà ti gbé ojú kúrò lára wọn.

Àbẹ̀ḿbí nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. Kì í ṣe ẹni tó lọ́rọ̀ lẹ́nu. "Sọ fún wọn pé mo fún ọ lọ́mú."

Kámílà yíjú sí i. Kò sí ẹni tó sọ ìyẹn fún un rí. "Ẹ fún mi lọ́mú?"

"Sọ ọ́ bí mo ṣe wí i."

Ó sọ ọ́ ní ohùn kékeré. Ọkùnrin náà fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ wọn. Ó wá béèrè nǹkan.

"Wọ́n ní ṣé ẹ ní arákùnrin."

"Mo ní ọ̀kan. Ọlálẹ́yẹ. Àgbẹ̀ ni, Mọ́níyà ló wà."

"Wọ́n ní ṣé ó ní igi máńgòrò."

"Igi mẹ́ta."

Ọkùnrin náà tún sọ gbólóhùn kan, ó sì dìde. Kámílà kò túmọ̀ rẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí ló dé tí ẹ kò tíì mú mi lọ rí."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọkùnrin méjèèjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ohùn wọn ròkè, ó sì tún wálẹ̀. Nígbà tí Bàbá Kámílà wọ ilé ìdáná, Yorùbá rẹ̀ kò dán mọ́.

"Mú un lọ sí Mọ́níyà, ọ̀sẹ̀ méjì," ló wí. "Màmá... wọ́n ní ọmọ tó ní màmá, a kì í gbé e kọjá òkun. Wọ́n ní èmi, ogún ọdún, mi ò mọ ohun tó wà nínú ilé mi." Ó yí padà bí ẹni tó fẹ́ lọ, ó tún kọjú sí i. "Ṣé odò wà níbẹ̀?"

"Odò kékeré ni, ọ̀gá. Kò ju orúnkún lọ."

"Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ lọ́rì Mọ́níyà. Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n dé àgbàlá Ọlálẹ́yẹ. Àwọn ọmọ ilé yí Kámílà ká, wọ́n ń wo irun rẹ̀, ọ̀kan fọwọ́ kàn án, ó sì sá. Ọlálẹ́yẹ fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti oko bọ̀, ọkọ́ wà léjìká rẹ̀, erùpẹ̀ wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Kámílà lọ bá a tààrà. Ó tẹ̀ ba, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ kú oko, Màmá."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó Ọlálẹ́yẹ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ló pè mí?"

Àbẹ̀ḿbí sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. "Bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni lọ́dọ̀ tiwọn nìyẹn."

Ọlálẹ́yẹ wo àbúrò rẹ̀. Ó wo ọmọ náà, ó tún wo àbúrò rẹ̀, ó gbé ọkọ́ ti ògiri.

"Ìyá ẹ kò ránṣẹ́ sí wa pé ẹ ń bọ̀ lónìí," ló wí fún Kámílà. "Bọ́ bàtà ẹ. Jẹ́ ká lọ wo ohun tó já bọ́ lábẹ́ igi."