Tìmùtìmù Àbúrò Mi

Èmi ni mo rán tìmùtìmù náà. Mo ki òwú sínú rẹ̀ títí ó fi yọ ikùn, nítorí àga tí àbúrò mi ń jókòó lé níbi iṣẹ́ le ju òkúta lọ. Aṣọ ibùsùn ni wọ́n ń rán níbẹ̀. Àràárọ̀ ni wọ́n ń pe orúkọ lẹ́nu géètì: bí wọ́n bá pè ọ́, o wọlé, bí wọn kò bá pè ọ́, o padà sílé lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ jà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ojoojúmọ́ yìí kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ife, sísọ́ọ̀sì, bàtà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò wá máa bẹ ẹ̀ṣọ́ géètì nítorí ife? Àbúrò mi a há tìmùtìmù sí abíyá, a gbé e wọ bọ́ọ̀sì. Akẹ́rùrelé ni àwọn ará ilé wa ń pè é.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín fún un ṣá. Bàbá ọmọbìnrin tí ó fẹ́ fẹ́ ti sọ ojú abẹ níkòó: kí ó lọ wá iṣẹ́ tí yóò máa retí rẹ̀ lọ́la, kí ó tó wá sọ̀rọ̀ ìyàwó. Nígbà tí ọ̀gá obìnrin tuntun kan dé, tí ó ní òun yóò mú ẹnì kan nínú wọn ṣe òṣìṣẹ́ gidi, àbúrò mi wá ń ránṣọ bí ẹni tí iná ń lé.

Iṣẹ́ rẹ̀ wu ọ̀gá náà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ti lọ tán, obìnrin náà lọ wo ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó bá a ní mímọ́ tónítóní, kò sí ife, kò sí sísọ́ọ̀sì. Kò tíì mọ ìṣe wọn, ó gbà pé ọmọkùnrin náà ti ríṣẹ́ síbòmíràn. Láàárọ̀, wọn kò pè é.

Kò wá sílé wá bá mi jà. Ó dúró títí ọ̀gá fi kọjá, ó kí i, ó sì bi í léèrè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá ní, "Ṣebí ìwọ lo kó ẹrù rẹ lọ."

Àbúrò mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹnì kankan ò sọ fún mi rí pé mo ń bọ̀ lọ́la."

Obìnrin náà wo tìmùtìmù abẹ́ abíyá rẹ̀ títí. "Wọlé. Àga yẹn ti di tìẹ. Tó o bá ń lọ, fi tìmùtìmù ẹ síbẹ̀."

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí mo rí i tó ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo, mo sáré bi í pé tìmùtìmù rẹ̀ dà. Ó rò fún mi, mo sì jó títí ìró fi tú nídìí mi. Mo ní bí ọ̀sẹ̀ bá ti parí, ọ̀dọ̀ bàbá ìyàwó yá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo ń gbálẹ̀ iwájú ilé nígbà tí mo rí i lókèèrè, tìmùtìmù ní abíyá. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bi í bóyá wọ́n ti lé e. Ó ní rárá o, àga ṣì jẹ́ tòun, wọ́n tilẹ̀ ti kọ orúkọ òun sí i lára. Mo ní kí ló dé tó fi gbé e bọ̀?

Ó gbé e sórí àga iwájú ilé wa, ó rọra gbọn eruku rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ó sì dùn mí dé ọkàn.

"Àǹtí mi," ó ní, "àná ni wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀. Wọn ò sọ tòní."