Píkọ́ọ̀pù Tí Kò Pariwo

Tí píkọ́ọ̀pù wa bá ti dé orí afárá ni Orville, bàbá mi àgbà, ti máa ń gbọ́ ariwo rẹ̀ nínú ilé. Lọ́jọ́ Sátidé, olùtajà ọkọ̀ ní ká gbé tuntun kan tó ń lo iná mànàmáná lọ wà wò. Inú bàbá mi dùn bíi ti ọmọdé, ṣùgbọ́n màmá mi fajú ro. "Ọkọ̀ wo ni ò ní dún? Mi ò fẹ́!"

A gbé e yà sílé. Bàbá àgbà ló wà nídìí sítóòfù, tó ń dín ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí dókítà kà léèwọ̀ fún un.

"Bàbá! Ẹ̀yin rèé!" ni màmá mi ké.

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ yọ́ wọlé bí olè?"

Màmá já páànù gbà, ó yíjú sí bàbá mi. "Ẹ lọ sanwó ọkọ̀ yẹn."